Ẹ má fi ojú gbígbẹ fá irùngbọ̀n: ohun tó wà nínú ilé yín lè rọ́pò kíríìmù

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́sẹ̀ yìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bàjẹ́ nídìí ẹ̀. Kò sí ilé tí kò ní ẹni tó ń fá irùngbọ̀n, ì báà jẹ́ bàbá àgbà, ì báà jẹ́ ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tí irun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lágbọ̀n ẹ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí olúwa ẹ̀ máa gbé agolo kíríìmù, tó máa tẹ̀ ẹ́ lórí, tí atẹ́gùn lásán máa dún jáde, ṣíì. Ọjọ́ náà sì lè jẹ́ àárọ̀ tó fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó, tàbí àárọ̀ tí wọ́n ní kó wá dáhùn ìbéèrè nítorí iṣẹ́. Kí ló máa ṣe? Púpọ̀ nínú wọn á kàn bu omi sójú, wọ́n á sì máa fi bíléèdì ha àgbọ̀n bí ẹni tó ń ha ìpẹ́ ẹja.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi náà ti ṣe é, kì í sì í ṣe ojú ara mi ni mo ṣe é sí. Ojú bàbá mi ni. Lẹ́yìn tí àìsàn rọpárọsẹ̀ gba ọwọ́ ọ̀tún wọn, àwa ọmọ là ń fá irùngbọ̀n fún wọn. Lọ́jọ́ kan tí mò ń kánjú, tí kíríìmù ti tán, ọṣẹ wà ní balùwẹ̀ o, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí omi máa ro sáṣọ wọn, ni mo bá kàn fi aṣọ tútù nu àgbọ̀n wọn lẹ́ẹ̀kan, mo gbé rẹ́sà lé e. Nígbà tí mo dé abẹ́ ọ̀fun, níbi tí awọ ti rọ̀ tó sì ti ká jọ, abẹ kọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bẹ́ẹ̀, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì ni dókítà fún wọn látìgbà tí àìsàn náà ti ṣe wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ò dá bọ̀rọ̀. Mo fi òwú tẹ̀ ẹ́ títí tí ọwọ́ fi ń ro mí. Bàbá ò bínú sí mi. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé àgbò iléyá ni mí ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn nǹkan tó lè gbà wá wà nínú ilé níjọ́ náà. Mi ò mọ̀ ni.

Iṣẹ́ wo ni kíríìmù ń ṣe gan-an?

Ẹ jẹ́ ká mọ èyí ná, torí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ló lè wá ohun tó máa rọ́pò ẹ̀. Irun àgbọ̀n tó gbẹ le gan-an. Bí ẹ bá gbé abẹ lé e, abẹ máa fà á kó tó gé e, ìfà yẹn ló sì ń mú kó máa ta èèyàn. Ṣùgbọ́n tí irun bá mu omi fún bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, pàápàá omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á wú, á sì rọ̀, abẹ á gé e láìjà. Omi gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí kíríìmù ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí omi náà tètè gbẹ kúrò lára irun, ó tún ń jẹ́ kí abẹ máa yọ̀ lórí awọ dípò kó máa họ ọ́. Èkejì sí ìyẹn, ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ rí ibi tẹ́ ẹ ti fá àti ibi tó kù, kẹ́ ẹ má baà padà sójú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Nítorí náà, ohunkóhun tó bá lè mú omi dúró lára irun, tó ń yọ̀, tí kò sì ní í bá awọ jà, lè ṣe iṣẹ́ náà. Agolo tó ń tu ìfóòfó yìí ò tíì pẹ́ láyé rárá. Ọdún 1919 ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Frank Shields ní Amẹ́ríkà ṣe Barbasol, ọ̀kan lára àwọn kíríìmù àkọ́kọ́ tí kò nílò búrọ́ọ̀ṣì, inú túùbù ni wọ́n sì ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà náà. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni èyí tó ń tú jáde látinú agolo tó dé. Kí wọ́n tó dé, ọṣẹ, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ mọ àwọn onígbàjámọ̀ tó máa ń gbé àpò kiri láyé àtijọ́, ṣé ẹ rí agolo kankan lọ́wọ́ wọn? Omi, ọṣẹ àti abẹ mímú, ó parí.

Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà níbẹ̀. Látìgbà tí ìjọba ti ní kí ọjà fúnra ẹ̀ máa sọ iye tí náírà máa jẹ́ sí dọ́là, lóṣù kẹfà, ọdún 2023, ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń ti òkè òkun wá ló ti kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Lóṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, iléeṣẹ́ P&G, àwọn tó ni Gillette, kéde pé àwọn ò ní í máa ṣe ọjà jáde ní Nàìjíríà mọ́, pé àwọn á kàn máa kó o wọlé ni. Ẹni tó bá ń gba owó ìfẹ̀yìntì ò gbọ́dọ̀ torí pé òun fẹ́ fá irùngbọ̀n kó má jẹun.

Kọ́ndíṣọ́nà tó wà lórí pẹpẹ ìyàwó ilé

Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan péré, kọ́ndíṣọ́nà ni mo máa mú, èyí táwọn obìnrin fi ń mú irun rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ orí. Irun ni wọ́n ṣe é fún, irun náà sì ni irùngbọ̀n. Ó ń lẹ̀ mọ́ irun, ó ń mú un rọ̀, ó ń yọ̀ dáadáa, kì í sì í gbẹ mọ́ ojú bí ọṣẹ. Kò sídìí fún èyí tó wọ́n. Èyí tó bá rọrùn jù lọ́jà, tí òórùn ẹ̀ ò pọ̀ jù, náà ni kẹ́ ẹ mú, torí lọ́fínńdà inú nǹkan ló sábà máa ń yún àwọn tí awọ wọn kì í gba gbẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó nìyí. Ẹ rẹ aṣọ ìnura kékeré sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fún un, ẹ fi bo àgbọ̀n fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bó bá ti ń tutù, ẹ tún un rẹ. Tó bá jẹ́ ẹni tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù lẹ̀ ń bá fá a, tàbí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tiyín tọ́ omi náà wò kẹ́ ẹ tó gbé aṣọ náà sójú wọn, torí apá ibì kan lára wọn lè má mọ ooru mọ́, omi á bó wọn kí wọ́n tó mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi kọ́ndíṣọ́nà bíi ṣíbí kékeré kan pa àgbọ̀n náà nígbà tó ṣì tutù, ẹ fi ọwọ́ rà á wọlé, ẹ jẹ́ kó lo ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ fi àgbọ̀n àti orí ètè ṣe ìkẹyìn, torí ibẹ̀ ni irun ti máa ń le jù, ẹ jẹ́ kó pẹ́ nínú omi ju ibi tó kù lọ. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti abẹ bọ omi kẹ́ ẹ tó fà á lẹ́ẹ̀kejì.

Tí kò bá sí kọ́ndíṣọ́nà, ṣàm̀púù ọmọdé tàbí ìpara olómi táwọn ọmọ ọwọ́ ń lò á ṣe é, kò kàn ní í yọ̀ tó o.

Àjẹkù ọṣẹ tẹ́ ẹ fẹ́ dà nù

Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àjẹkù ọṣẹ ìwẹ̀ tó ti tín-ín-rín wà níbì kan tí kò sẹ́ni tó fẹ́ lò ó mọ́. Ẹ kó wọn jọ. Ẹ fi gíréétà tẹ́ ẹ fi ń rin ilá rin wọ́n, ẹ fọ gíréétà náà dáadáa lẹ́yìn náà o, kí ọbẹ̀ má lọ máa hó. Tí ọṣẹ rínrin náà bá kún ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, ẹ da omi gbígbóná bí ìdajì ife kékeré sí i, ẹ máa rò ó títí á fi yọ́. Ẹ ṣe gílísárìn ṣíbí kékeré kan sí i. Kò sí kẹ́mísìtì tí kì í ta gílísárìn, kò sì wọ́n tó kíríìmù. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń di omi mú, kò ní í jẹ́ kí ìfóòfó ọṣẹ náà tètè gbẹ. Ẹ jẹ́ kó tutù, á dì bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki. Ẹ rọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kẹ́ ẹ ṣe ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa lò tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, torí kò sí oògùn tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́ nínú ẹ̀. Tí òórùn ẹ̀ bá ti yí padà, ẹ dà á nù.

Ọṣẹ lásán nìkan ńkọ́? Ó ṣe é lò, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kò tíì lo nǹkan mìíràn rí láyé wọn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọṣẹ máa ń gba ọ̀rá ara lójú, ó sì máa ń gbẹ kíákíá. Ẹni tí awọ ẹ̀ bá gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́, ojú ẹ̀ á fún, á sì máa bó. Ẹ hó o dáadáa lọ́wọ́ kó tó kan ojú, ẹ má jẹ́ kó gbẹ, tó bá ń gbẹ ẹ tún fi omi sí i.

Ọṣẹ dúdú wa ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bínú sí mi níbí. Ọṣẹ dúdú dára, a ò ní í bú ohun tá a fi wẹ̀ dàgbà. Ṣùgbọ́n eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, eérú èèpo kòkó tàbí ti nǹkan mìíràn, eérú yẹn sì lágbára. Èyí tí ẹnì kan sè lè má le bíi tẹlòmíràn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fá irùngbọ̀n, ẹ pò ó mọ́ omi púpọ̀, ẹ fi díẹ̀ ra apá yín láti àṣálẹ́, tí kò bá yún yín, tí kò sì ta yín títí di àárọ̀, ẹ lè lò ó. Kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ lójú. Èyí tí wọ́n bá ti pò nǹkan mìíràn mọ́, yálà wọ́n pè é ní ọṣẹ àwúre tàbí ọṣẹ amúniwúlẹ̀, ẹ má gbé e sí ojú tẹ́ ẹ fẹ́ fi abẹ kàn.

Òrí, àdí àgbọn, àti ahọ́n erin

Òrí tó ń ti apá Ṣakí àti Kwara wá, kò sí àgbà tí kò mọ̀ ọ́n. Òun àti àdí àgbọn ń jẹ́ kí abẹ yọ̀ dáadáa. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, òróró kì í ṣe omi. Tẹ́ ẹ bá fi òróró pa irùngbọ̀n tó gbẹ, gbígbẹ náà ló ṣì gbẹ, òróró kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rẹ irun títí á fi rọ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi òrí díẹ̀, bíi hóró ẹ̀wà kan, yọ́ láàárín àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ fi pa á. Tó bá pọ̀ jù, á dí ẹnu abẹ, pàápàá àwọn rẹ́sà tó ní bíléèdì méjì tàbí mẹ́ta. Omi gbígbóná ló lè fọ̀ ọ́ kúrò, tútù ò lè ṣe é. Fásilíìnì náà, bákan náà ni, òun tiẹ̀ tún burú jù lára abẹ.

Ohun kan wà tí mi ò rí kí wọ́n máa sọ nípa òróró. Tó bá ro sílẹ̀ balùwẹ̀, ẹni tó kàn máa tẹ ibẹ̀ máa yọ̀ ni. Àgbàlagbà tó bá ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí ẹ̀ lè dá. Nítorí náà, orí àga ni kẹ́ ẹ ti lò ó, pẹ̀lú aṣọ lórí itan, kì í ṣe lórí ìdúró nínú balùwẹ̀.

Ahọ́n erin, táwọn òyìnbó ń pè ní aloe vera, ti wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé báyìí. Oje inú ẹ̀ tó mọ́ tó ń fà bí ilá dára fún fífá, ó sì tutù lára. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ewé náà, omi kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ máa kọ́kọ́ jáde lábẹ́ èèpo. Ìyẹn máa ń yún àwọn ẹlòmíràn. Ẹ gbé ewé náà dúró fún bí ìdá mẹ́rin wákàtí kí omi yẹn ro dànù, ẹ fi omi ṣàn án, kẹ́ ẹ tó bó o. Oyin tí wọ́n fi omi là náà ṣe é lò, àmọ́ ó ń lẹ̀, ó sì wọ́n. Ẹni tó bá ní oyin gidi, kó fi mu ẹ̀kọ.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ kan ojú

Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, ẹ má lò ó. Ó ń hó lóòótọ́, àmọ́ ìdọ̀tí aṣọ ni wọ́n ṣe é fún, awọ ojú ò lè gbà á. Ọṣẹ ìfọyín náà, àwọn ọmọléèwé tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n ní ó ń tutù. Títutù yẹn ló máa di ata tí abẹ bá ti họ ibì kan. Ohun tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun, a ò tiẹ̀ fẹ́ dárúkọ ẹ̀ níbí, ẹni tó bá gbé e sójú fẹ́ bó ara ẹ̀ láàyè ni.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó ń pa kòkòrò. Wọ́n á fá irùngbọ̀n tán, wọ́n á fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ojú, wọ́n á sì jáde sínú oòrùn. Ohun kan wà nínú omi ọsàn yẹn tó jẹ́ pé tí oòrùn bá ti pa á lára awọ, ó lè jó èèyàn bíi pé omi gbígbóná dà sí i lára. Á lé ròrò, tó bá sì jinná tán, ojú ibẹ̀ á dúdú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn fún oṣù. Ẹ jẹ́ kí ọsàn wẹ́wẹ́ dúró lórí ẹja.

Páúdà tí wọ́n ń pò tí wọ́n ń fi ha irun kúrò lórí láìlo abẹ, ìyẹn kì í ṣe kíríìmù rárá, ẹ má ṣì í mú. Ṣe ló ń jẹ irun. Tó bá lè jẹ irun, ó lè jẹ awọ tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. Ẹ má sì fi abẹ kan ojú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lò ó.

Fún ẹ̀yin òbí ọmọkùnrin

Irun àwa aláwọ̀ dúdú máa ń ká. Tí wọ́n bá fá a kanlẹ̀ jù, tó bá tún ń hù padà, orí ẹ̀ tó mú á yí, á gún awọ, á sì wọlé padà. Ara á rò pé nǹkan àjèjì ló wọlé, á wú, á yọ kókó wẹ́wẹ́, òun làwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní bọ́ǹpù. Kì í ṣe ìdọ̀tí ló fà á, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan sà sí ọmọ náà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí mo mọ ìyá kan tó gbé ọmọ ẹ̀ káàkiri nítorí àgbọ̀n tó wú, bẹ́ẹ̀, rẹ́sà tí ọmọ náà fi ń fá a lójoojúmọ́ láìlo nǹkan kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ kọ́ ọmọ yín pé kó fá a síbi tí irun dà sí, kó má fá a kọ irun. Kó má fi ọwọ́ fa awọ le. Kó má padà sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kó má lo bíléèdì kan kọjá ìgbà márùn-ún sí méje. Tí kókó bá ti yọ, kó jáwọ́ nínú fífá fún bí oṣù kan, kó fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa tẹ ibẹ̀, kó má fi èékánná tú u. Kílípà tó máa ṣẹ́ irun kù díẹ̀ sílẹ̀ sàn fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ju abẹ lọ. Tó bá jẹ́ pé nínú ìdílé yín, tí ọgbẹ́ bá jinná, àpá ẹ̀ máa ń wú gọ́ngọ́, ẹ má jẹ́ kó fi abẹ fá ojú kanlẹ̀ rárá, ẹ mú un lọ rí dókítà awọ kí kókó náà tó di àpá. Kò sí kọ́ndíṣọ́nà tàbí òrí tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ní ti ọmọ tuntun tí wọ́n fẹ́ fá orí fún lọ́jọ́ keje, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ìwọ̀nba ọṣẹ ọmọdé ti tó. Gbogbo ohun tá a kà sókè yìí, àti òrí, àti ọṣẹ dúdú, ẹ gbé e jìnnà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ àwùjẹ̀. Bíléèdì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó níṣojú yín ni kí wọ́n lò. Kòkòrò àrùn hẹpatáítíìsì B, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lè wà láàyè lára abẹ fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ, ojú lásán ò sì lè rí i. Ìdí nìyẹn tí bàbá àti ọmọ ò fi gbọ́dọ̀ lo rẹ́sà kan náà, bí ìfẹ́ wọn ṣe wù kó pọ̀ tó.

Àgbàlagbà tí ẹlòmíràn ń fá a fún

A kì í fárí lẹ́yìn olórí, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kódà tí àìsàn ò bá jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Àwọn kan fẹ́ kẹ́ ẹ ṣẹ́ irun ètè kù, wọ́n ti ní i láti ọdún gbọ́nhan, tẹ́ ẹ bá fá a dànù, ẹ ti mú nǹkan kúrò lára wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí orí wọn fara ti nǹkan.

Mo sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má fa awọ. Ti àgbà yàtọ̀. Awọ wọn ti rọ̀, tẹ́ ò bá fi ìka méjì tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, abẹ á kó sínú ìká ẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí bàbá mi. Ẹ tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́ ni o, ẹ má fà á. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí ọgbẹ́ ẹ̀ kì í tètè jinná, àti ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n tó sì fẹ́ máa fá a fúnra ẹ̀, tí owó bá wà, ẹ ra ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n oníná fún un. Tí kò bá sí owó, kílípà ilé ti tó. Irùngbọ̀n tó kù díẹ̀ lágbọ̀n kò dí àgbà lọ́wọ́ àtijẹun.

Tí abẹ bá ṣèèṣì gé wọn, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ má máa ṣí i wò ní gbogbo ìṣẹ́jú, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Tó bá pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ṣì ń jáde, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ẹ má fi tábà, ẹ má fi karosíìnì, ẹ má fi páúdà kọfí sí i. Álọ́ọ̀mù táwọn èèyàn fi ń mú omi tòrò lè dá ẹ̀jẹ̀ kékeré dúró tẹ́ ẹ bá rẹ ẹ́ sómi tẹ́ ẹ sì fi tẹ ojú ibẹ̀, àmọ́ kó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, kó má di èyí tí gbogbo ilé ń pín lò.

Tẹ́ ẹ bá fá a tán, ẹ fi omi tútù ṣan ojú, ẹ fi aṣọ rọra tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ìgbà yìí ni òrí wá ń ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Òróòro tó ń ta èèyàn lójú tí wọ́n ń dà sọ́wọ́ yẹn, kò pọn dandan.

Ní ti bàbá mi, àárọ̀ Sátidé la wá ń ṣe é látìgbà náà, kọ́ndíṣọ́nà ìyàwó mi la sì ń lò. Wọ́n ní òun ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Tó bá sì di aago mẹ́sàn-án tí mi ò tíì débẹ̀, wọ́n á ti fi aṣọ ìnura sórí itan, wọ́n á máa fi ọwọ́ òsì pa àgbọ̀n wọn.

Mo fẹ́ gbàgbé ti abẹ fúnra ẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú balùwẹ̀ tó tutù, á dípẹtà, á sì kú kó tó pé ọjọ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ gbé e síbi gbígbẹ tó ga ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Èyí tó bá ti kú, ẹ jù ú sínú agolo mílíìkì tẹ́ ẹ ti dá ihò tóóró sí lórí, kí ẹni tó ń kó ìdọ̀tí ládùúgbò yín má fi ọwọ́ kó o.